Bí Mo Ṣe Fi Imú Ṣiṣẹ́ Nílé Epo Àgbọn

Kì í ṣe arúgbó ló ń kọ èyí. N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, n kò sì kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé ti parí mọ́ mi lọ́wọ́, bíi ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí àwa tí a ti ṣiṣẹ́ rí kọ ìtàn iṣẹ́ wa fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá èyí tí wọn yóò ṣe, mo ní n óò kọ tèmi. Ìwé kíkọ rọ̀ mí lọ́rùn ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ká ní wọ́n ní kí n dìde dúró níwájú àwọn ọmọ náà ni, n kò ní lọ.

Imú ni mo fi ṣiṣẹ́. Mo máa ń gbóòórùn epo àgbọn kí wọ́n tó kó o lọ sí Èkó, n óò sì sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ló ń jẹun lórí ohun tí imú yẹn bá sọ, èyí ni mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ronú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

Ní etí òkun wa níbí ní Badagry, ibi tí ojú bá dé, àgbọn ni. Àwọn obìnrin ló ń fọ́ ọ, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún omi rẹ̀, wọ́n sì ń sè é títí epo fi máa jáde. Olúkúlùkù ń se tirẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí epo rẹ̀ nìkan lè kún ọkọ̀ lọ́rì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ilé epo, ilé gbọọrọ onípáànù kan lójú ọ̀nà Apá, létí omi. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń kó kẹ́ẹ̀gì wọn wá. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ló ń rà á fi ṣe ìpara àti nǹkan jíjẹ. Kí lọ́rì tó gbéra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ epo náà wò. Ìyá Mautin ni ẹni náà, èmi sì ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Màmá mi ń se epo, èmi ló sì máa ń rán láti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ. Lọ́jọ́ kan mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo sì yíjú kúrò. Ìyá Mautin rí mi.

"Kí ló dé tí o fi ń fajú ro bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé epo ìyá rẹ ló ń rùn ni?"

Mo mi orí pé rárá. Mo nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tí ìdérí rẹ̀ ṣì dé pinpin. Ó ṣí i, ó gbé imú sí i, ó rí i pé ó ti bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn ló wá bá màmá mi sọ̀rọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Obìnrin Ègùn tó ga, tó gbẹ, ni Ìyá Mautin. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn. Ní gbogbo ìgbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì kankan. Mo ń gbálẹ̀, mo ń fọ abọ́, mo ń wo ohun tó ń ṣe. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ yẹ epo wò, n kò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà, n kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, n kò sì gbọdọ̀ fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀. Mo pa ìpara sára lọ síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé epo lo fẹ́ gbóòórùn lónìí, àbí ara rẹ?"

Ó ní kí n lọ wẹ̀ lódò. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ṣe iṣẹ́ tán, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, ó kọ́ mi dáadáa. Ó ní kí n kán epo díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, kí n fi ìka pa á títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n tó gbé imú sí i. Epo tó dára máa ń rùn bí àgbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Èyí tó ti ń bàjẹ́ máa ń rùn bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n gbàgbé. Ó ní kí n máa bu díẹ̀ sínú páànù lórí iná, kí n fetí sí i, pé èyí tó bá ń ta pàrà-pàrà, omi wà nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, epo máa ń dì bí ọ̀rá, òórùn rẹ̀ a sì farapamọ́. A óò gbé gbogbo kẹ́ẹ̀gì síta sínú oòrùn, a óò sì jókòó tì í títí yóò fi yọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tó tẹnu mọ́ jù ni pé kí n má ṣe méfò láéláé. "Ohun tí o kò bá gbọ́ lóòórùn, má sọ pé o gbọ́ ọ. Sọ pé o kò gbọ́. Kò sí ohun tí yóò ṣe ọ́."

Mo ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí n tó lè bèèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

"Ìyá, kí ló dé tí a kì í ṣí gbogbo kẹ́ẹ̀gì?"

"Ṣé o fẹ́ sùn síbí ni? Tí a bá ṣí gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á wọ̀, gbogbo rẹ̀ ni á sì tètè bàjẹ́. Díẹ̀ là ń ṣí. Díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́rìí fún ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ìyẹn kì í ṣe ẹlẹ́rìí."

Bí a ṣe ń yàn án nìyí. Gbogbo kẹ́ẹ̀gì ló ní nọ́ńbà. Ìyá Mautin ti fi ìṣó kọ àwọn nọ́ńbà náà sára èèpo àgbọn wẹ́wẹ́, ó kó wọn sínú àpò kan tó fi àpò ìrẹsì rán. Èmi ni n óò yíjú sógiri, n óò ki ọwọ́ bọ àpò, n óò sì fa èèpo. Kẹ́ẹ̀gì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jáde ni a óò ṣí. Mẹ́wàá la máa ń fà. Tí gbogbo rẹ̀ bá dára, lọ́rì ń lọ nìyẹn. Tí ọ̀kan bá rùn, a óò tún fa mẹ́wàá mìíràn. Tí ọ̀kan bá tún rùn nínú ìyẹn, gbogbo ẹrù yóò padà sílé, olúkúlùkù yóò lọ tún tirẹ̀ sè, àti ẹni tí tirẹ̀ dára àti ẹni tí tirẹ̀ kò dára. Òfin ilé iṣẹ́ tó ń rà á náà nìyẹn, báyìí kan náà ni àwọn náà ń ṣe nígbà tí ẹrù bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwa méjì nìkan la máa ń wà nínú ilé nígbà tí a bá ń fa èèpo. Àwọn obìnrin yóò wà níta lábẹ́ igi fúrúùtù, wọn yóò máa ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá Ràfíátù ló lẹ́nu jù nínú wọn, obìnrin tó ń tajà ní ọjà Agbalata, tó sì ń se epo tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó fẹ́ràn láti to kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gan-an.

"Mo gbé tèmi súnmọ́ yín ni o, Ìyá, kí ọmọdé yìí má bàa rìn jìnnà. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́."

"Ìyá Ràfíátù, gbé àánú rẹ dání, kí o sì jáde."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nínú ilé, kò sí ẹ̀rín. Lọ́jọ́ kan mo fa nọ́ńbà màmá mi. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn. Mo wo Ìyá Mautin bóyá yóò sọ nǹkan kan. Ó kàn ní, "Fa mẹ́wàá mìíràn." Òmíràn tún rùn nínú ìyẹn, gbogbo ẹrù sì padà sílé. Màmá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi tún epo yẹn sè tán. Nígbà mìíràn ọwọ́ mi bọ́ sí ti Ìyá Mautin fúnra rẹ̀, omi sì wà nínú rẹ̀. Ó jáde síta, ó sọ fún wọn pé tòun ni, ó sì kó o padà sílé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi gbà fún un. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi rò pé òfin yẹn kò lè yẹ̀.

Irinṣẹ́ wa yí padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá ọparun la kọ́kọ́ ń tì bọ inú kẹ́ẹ̀gì, òkè nìkan ló sì ń mú wá. Lẹ́yìn náà, Bọ̀dá Kúnlé, ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ náà máa ń rán wá pẹ̀lú lọ́rì, mú rọ́bà gbọọrọ kan wá tó mọ́ bíi dígí. A óò tì í wọlẹ̀ títí dé ìdí kẹ́ẹ̀gì, a óò fi àtàǹpàkò dí ojú rẹ̀ lókè, a óò sì fà á jáde. Ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì láti òkè dé ìsàlẹ̀ á wà nínú rọ́bà níwájú wa, epo lókè, omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Mautin gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà bí ọmọdé. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ nítorí pé irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́ nínú ìtàn yìí.

Ní ìparí òjò ọdún kan, ọkọ Ìyá Sẹ̀jìrò kú. Ìyá Sẹ̀jìrò wà nínú àwọn tó dá ilé epo sílẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́, tó máa ń fún mi ní àgbọn díndín. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tó bá ń ṣe opó kì í dáná epo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń bá a kún àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Olúkúlùkù yóò bu igbá epo kan láti inú tirẹ̀, yóò gbé e lọ sílé ọ̀fọ̀, yóò dà á sínú kẹ́ẹ̀gì opó, yóò sì kí i kú ìrọ́jú. Tí àwọn kẹ́ẹ̀gì náà bá kún, wọ́n á so aṣọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí lọ́rì bá dé, ti opó náà á bá ti àwọn yòókù lọ, ilé rẹ̀ á sì máa jẹun. Ẹnikẹ́ni kì í gbóòórùn epo tí wọ́n gbé wá bẹ́ẹ̀. Èébú gbáà ni. Ta ni yóò máa ṣímú sí ohun tí ènìyàn fi ń bá a kẹ́dùn?

N kò gbà pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ bu èyí tí kò dára. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí ènìyàn bu igbá kan, ohun tó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò lẹ́yìn tí kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ti kún ló máa ń bù. Ọ̀pọ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò ló wà nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì Ìyá Sẹ̀jìrò.

Lọ́jọ́ tí a yẹ ẹrù yẹn wò, mo ti fa èèpo díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dára. Mo tún ki ọwọ́ bọ àpò. Mo wo nọ́ńbà rẹ̀, mo lọ wá a láàárín ẹrù. Aṣọ dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èwo ni?" Ìyá Mautin bèèrè láti orí àpótí tó jókòó lé.

Mo nawọ́ sí i. A ń gbọ́ ohùn Ìyá Ràfíátù níta, ó ń fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dá èèpo yẹn padà sínú àpò."

"Ìyá?"

"Mo ní kí o dá a padà. Fa òmíràn."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ pé a kì í..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ, Sẹ̀nàmi. Tí o bá ṣí i tí kò dára, epo ta ni a óò sọ pé kò dára? Tèmi wà nínú rẹ̀. Ti ìyá rẹ wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n jáde lọ sọ fún wọn pé mo ti gbóòórùn ohun tí wọ́n fi bá opó kẹ́dùn, ó sì ń rùn?"

"Ṣé kí a gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má bá lọ́rì lọ?"

"Kí a kó ti gbogbo ayé, kí a fi ti opó sílẹ̀?" Ó gbójú kúrò lára mi. "Fa òmíràn, vi ṣie."

Ọmọ mi nìyẹn ní Ègùn. Kì í pè mí bẹ́ẹ̀ tí a bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fa òmíràn, ó dára. Mo fa ìyókù, wọ́n dára. Ìyá Mautin dìde, ó tú àwọn aṣọ dúdú náà lára kẹ́ẹ̀gì, ó fi wọ́n sínú ìró rẹ̀. Ó ní kí ẹrù má bàa dà bí ẹrù òkú lójú àwọn ará Èkó. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ó ti dára. Ẹ máa kó o."

Lọ́rì náà lọ, ó sì padà wá tòun tẹrù. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí gbogbo kẹ́ẹ̀gì, láìku ọ̀kan, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí tí wọ́n ṣí nínú wọn. Bọ̀dá Kúnlé sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn ìyá, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. A fa mẹ́wàá, èyí tó rùn wà nínú rẹ̀. A tún fa mẹ́wàá mìíràn, òmíràn tún wà níbẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kún ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí òfin ṣe rí."

"A óò tún un sè," ni Ìyá Mautin wí.

"Mà, wọ́n ti lọ bá àwọn mìíràn ṣe àdéhùn. Wọ́n ní tí ẹ̀yin bá lè yẹ irú èyí wò kí ẹ sì ní ó dára, àwọn kò mọ ohun tí àwọn tún lè gbà gbọ́. Wọ́n ní kí n má gbé lọ́rì wá síbí mọ́."

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ràfíátù yíjú sí mi.

"Sẹ̀nàmi. Imú tí o fi yẹ epo yìí wò, ṣé o gbé e wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni, àbí o fi í sílé?"

Ẹlòmíràn ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọmọ yẹn ti ń dàgbà. Ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan, kò sí lọ́dọ̀ epo."

"Ọkùnrin wo? Ọmọ tí kò lè kí ènìyàn sókè!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tí ohun burúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Mo wo Ìyá Mautin. Ọ̀dà pupa ló ń wò. Ó kàn ní, "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀," kò sì sọ ohun mìíràn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí èmi náà kò fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí kò ní bèèrè, n kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ìyá Sẹ̀jìrò wà nínú yàrá ọ̀fọ̀ lọ́jọ́ náà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò bọ́ sílé rẹ̀ láti ibẹ̀, wọn yóò sì máa bi ara wọn léèrè ẹni tó bu ti burúkú wá. Nígbà tí à ń lọ sílé, Ìyá Mautin sọ fún mi pé tí opó náà bá ti jáde ọ̀fọ̀, òun yóò sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé imú mi kò ṣẹ̀. Mo gbà á gbọ́.

Ìyá Sẹ̀jìrò jáde ọ̀fọ̀. Ìyá Mautin ní kò tíì tó àsìkò, kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ìwọ̀nba ọ̀rẹ́ tó kù fún un nìyí, ṣé kí òun gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà kò sọ ọ́ mọ́, èmi náà kò sì bèèrè.

Ilé epo kò kú lọ́jọ́ kan. Ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin ń rọ epo sínú ìgò lọ tà ní Agbalata. Àwọn tó ń se ọṣẹ ń rà á ní iye tó bá wù wọ́n, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn. Àwọn kan kó lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ tajà, wọn kò padà. Ìyá Mautin ní kí n máa yẹ epo wò lọ, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbóòórùn tán, tí mo sì ní ó dára, ẹnì kan yóò tún gbé imú sí i níṣojú mi. Wọn kì í bú mi. Wọ́n kàn ń tún un gbóòórùn ni. Ìwọ tí ò ń wá iṣẹ́, gbìyànjú láti fojú inú wò ó, kí ènìyàn máa fi ọ́ síbi iṣẹ́ rẹ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa tún un ṣe lẹ́yìn rẹ lójoojúmọ́.

Nígbà tó yá, oníbàárà tuntun kan dé, tó ń lo bébà. Yóò ti bébà kékeré kan bọ epo, yóò wo àwọ̀ tí bébà náà yí sí, ó ti parí. Kò nílò imú ẹnikẹ́ni. Kò fa èèpo kankan, àwọn kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń ṣí. Ìyá Ràfíátù, tó máa ń to èyí tó dára jù sẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Oníbàárà náà rà nígbà díẹ̀, ó bá èyí tó bàjẹ́ pàdé láàárín àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn, òun náà kò wá mọ́.

Lásìkò òjò tó tẹ̀ lé e ni ibà dá mi dùbúlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀fìnkìn. Ibà lọ, ọ̀fìnkìn lọ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná lọ́jọ́ kan, màmá mi sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

"Sẹ̀nàmi! Ṣé o kò gbóòórùn pé ẹja ń jó ni?"

Mo bojú wo ìkòkò. Èéfín ló bò ó. N kò gbóòórùn nǹkan kan. Mo lọ sétí ọ̀sà, ibi tí ẹrẹ̀ máa ń rùn, kò sí òórùn. Mo fa aṣọ màmá mi mọ́ ojú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo fẹ́ sọ fún Ìyá Mautin, ṣùgbọ́n mo ń rò pé yóò padà, pé bí mo bá jí lọ́jọ́ kan n óò gbóòórùn kọfí àwọn ará ilé kejì. Mo sì mọ ohun tí àwọn obìnrin yóò sọ. Ilé epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nígbà náà, kò sí ẹrù tí mo ń yẹ̀ wò, n kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo ń dúró.

Ìgbà tí mo ń dúró ni Ìyá Sẹ̀jìrò kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Ìyá Mautin ránṣẹ́ pe gbogbo àwọn obìnrin tó kù nínú ẹgbẹ́ wá sí àgbàlá rẹ̀ láàárọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ dáadáa, ó jókòó sórí àga, ó ní kí n wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. N kò mọ ìdí rẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: aṣọ dúdú, èèpo tó ní kí n dá padà, ohun tí mo bi í àti ohun tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Ọmọ yìí kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ba ọjà yín jẹ́."

Ìyá Ràfíátù ló kọ́kọ́ lahùn, kò sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ rárá.

"Ìyá, ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ kó ẹrù ara yín padà sílé?"

"Èmi ni."

"Ẹ má bínú o. Ìyá Sẹ̀jìrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀ ni. Kò lè dáhùn mọ́. Ṣé ó wá yẹ kí a di ẹ̀bi yìí lé e lórí, nítorí ọmọ tí ẹ fẹ́ràn?"

Àwọn yòókù ń mi orí. Mo rí i lójú wọn pé wọn kò gbà á gbọ́, ó sì yé mi. Ọ̀rọ̀ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé òkú nìkan ló kàn.

Ìyá Mautin bínú. N kò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ kò gbà mí gbọ́? Ó dára. Mautin!" Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde. "Bu epo wá sínú abọ́ mẹ́ta. Bu ti àná sínú méjì. Kí o bu ti kẹ́ẹ̀gì tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn ilé sínú ọ̀kan. Má sọ èwo ni èwo fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí fi imú rẹ̀ dá yín lóhùn."

Mo fà á láṣọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́." Ó rò pé ìtìjú mi ni. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Má bẹ̀rù. O mọ̀ ọ́n ṣe."

Wọ́n gbé abọ́ mẹ́ta náà síwájú mi. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ bákan náà lójú. Mo kán ti àkọ́kọ́ sẹ́yìn ọwọ́, mo pa á títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbé imú sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkejì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkẹta. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ mi. Mo tún padà sí ti àkọ́kọ́.

Mo lè nawọ́ sí ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ mi bọ́ sí i. Mo rò ó, mo gbé ọwọ́, ọwọ́ náà kò sì lọ síbì kankan.

"N kò gbóòórùn kankan," ni mo wí.

"Tún un ṣe," ni Ìyá Mautin wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ìyá, n kò gbóòórùn kankan."

Ìyá Ràfíátù ni ó dìde wá bá mi. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu epo kúrò lẹ́yìn ọwọ́ mi bí ìgbà tí ènìyàn ń nu ọmọ jòjòló. Ó ní, "Ó ti tó. Kò sí ẹni tó ń bá ọ jà mọ́. Ó ti pẹ́ tí a ti fi jì ọ́." Wọ́n kí Ìyá Mautin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó tọ́jú ara rẹ̀, kó má máa ronú jù. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì lọ.

Àwa méjì ló kù nínú àgbàlá, bí ìgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn ilé epo.

"Láti ìgbà wo?" ló bi mí.

"Láti ìgbà òjò."

"O kò sọ fún mi."

Ó ń wo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde, bíi pé ẹnì kan ṣì lè padà.

Báyìí, àgbọn ni mo ń bó fún àwọn tó ń sè é. Kò gba imú. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ óò ka èyí, tí wọ́n bá fi iṣẹ́ àyẹ̀wò lọ̀ yín, n kò ní sọ pé kí ẹ má ṣe é. Iṣẹ́ tó dára ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé bí wọ́n ṣe ń fi díẹ̀ mọ gbogbo ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe fi ọjọ́ kan mọ̀ yín. Tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí yín, n kò tíì rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àgbàlá, Ìyá Mautin ní kí n kó àwọn abọ́ kúrò nílẹ̀, kí n da èyí tí kò dára nù, kí n sì da méjì tó kù padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. Mo wo gbogbo wọn.

"Ìyá," ni mo wí, "èwo ni?"

Ó na ìka sí ti àárín.